Abẹ́rẹ́ Kan àti Oyún Tí Ìyá Ọkọ Mi Kéde

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ kéde fún gbogbo ilé tí a ń gbé ní Dọ́pẹ̀mu pé mo ti lóyún lé ọmọ ọwọ́. Kò sí oyún kankan níkùn mi. Ọ̀nà tí oyún ìbá gbà wọlé gan-an, èmi àti ọkọ mi ti tì í pa nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ ohun tí mo máa wí, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ìyàwó onílé, ó ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ránṣọ lójúde, ó sì ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò jiyàn. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wo ikùn mi, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín sínú, torí ohun tó ń ṣe mí gan-an kì í ṣe ohun tí èèyàn lè sọ sétí ará ilé láyé ìgbà yẹn.

Àwọn sójà ò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọsibítù aládàáni kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín Agége àti Ìkẹjà, níbi tí àwọn kọ́ńpìnì tò sí lọ rẹrẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì ló ń wá sọ́dọ̀ wa jù: ẹni tí ẹ̀rọ gé níka, ẹni tí ike gbígbóná ta sí lára, ẹni tí ààrò búrẹ́dì jó lápá, àti ọ̀pọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe ṣùgbọ́n tí ọ̀gá wọn ò ní gbà pé ibà ni àfi tí wọ́n bá mú ìwé dókítà wá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn kí wọ́n má fi egbò ṣeré, wọ́n sì máa ń pè mí ní Àǹtí Oníbínú. Inú mi a máa dùn sí orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ mi àkọ́bí, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó ni. Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ti wá láti Èkìtì láti bá wa tọ́jú ọmọ kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìjà wa ò tán, omi ló sì máa ń dá a sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ àwa nọ́ọ̀sì pé ọyàn nìkan ni kí ọmọ tuntun máa mu fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Màmá ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé wọn.

"Ìyàwó mi," wọ́n á ní, "bí ìwọ bá jẹun tán, ṣé o kì í mumi ni? Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ Ọlọ́un yìí o."

"Màmá, omi wà nínú ọyàn."

"Ọbẹ̀ náà lómi nínú. Ṣé ọbẹ̀ lo fi ń pa òùngbẹ?"

Láàárọ̀, mo máa ń fún ọyàn sínú ife sílẹ̀ fún wọn, lọ́sàn-án màá tún sáré wálé wá fún ọmọ lọ́mú. Màmá pa òfin mi mọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé tí mo bá ti kẹ́yìn, wọ́n á ti ìka bọ omi, wọ́n á fi ra ọmọ lẹ́nu. Tí mo bá ká wọn mọ́, wọ́n á ní àwọn kàn ń nu ẹnu ọmọ ni.

Àṣà kan wà ní ọsibítù wa nígbà náà, òun ló sì kó bá mi. Inú agolo mílíìkì ńlá kan ni a máa ń ju abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí. Màmá kan tó ń gbálẹ̀ fún wa, tí gbogbo wa fẹ́ràn, ló máa ń gbé agolo náà lọ síbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí abẹ́rẹ́ gún wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, gbogbo àwa nọ́ọ̀sì fẹnu kò pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ju abẹ́rẹ́ síbẹ̀ ní ìhòòhò mọ́. Tí o bá lò ó tán, wá ìdérí rẹ̀, kí o dé e padà, kí o tó jù ú. Ẹni tí kò bá dé e, mátírọ́ọ̀nù wa á bi í pé tó bá jẹ́ ìyá tó bí i ló ń gbálẹ̀ ńkọ́. Ìfẹ́ la fi ṣe é. Kò sí ẹni tó rò ó nínú wa pé tí ọwọ́ kan bá mú ìdérí, tí èkejì mú abẹ́rẹ́, tí méjèèjì ń wá ara wọn bọ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n á ṣi ara wọn.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá láti ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Òun ló ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀, ìyẹ̀fun náà ṣì wà ní irun rẹ̀ àti ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ibà ti ń ṣe é tipẹ́, ó ti gbẹ, aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Dókítà ní kí n fa omi sí i lára. Mo rí iṣan, mo fa abẹ́rẹ́ jáde kúrò nínú rọ́bà tín-ín-rín tó máa dúró sínú iṣan, mo so omi mọ́ rọ́bà náà, mo sì nawọ́ mú ìdérí láti dé abẹ́rẹ́ náà. Ikọ́ gbá ọkùnrin náà mú lójijì, ó ta kìjí, apá rẹ̀ kọ lu ìgúnpá mi. Abẹ́rẹ́ náà gba inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó wọ àtàǹpàkò òsì mi.

Kò dùn mí, ìyẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo rí ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìka náà kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde dáadáa, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe tí abẹ́rẹ́ bá gún wa. Mátírọ́ọ̀nù bá mi níbẹ̀.

"Má fún un! Mo ní o má fún un!"

Wọ́n fà mí lọ sídìí bàsíà. Ẹ̀rọ omi wa ò yọ lọ́jọ́ náà, ni mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn bá ń fi ike bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń dà á sí mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n dé láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún wọn níbẹ̀ pé fífún ẹran ara ń dá kún egbò ni, pé kí a má da sípíríìtì sí i, kí a má da bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sí i, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn nìkan ni. Wọ́n ń da omi, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń bú mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣì ń rántí ohùn wọn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọkùnrin oníbúrẹ́dì náà. Èmi dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n," mátírọ́ọ̀nù wí, "abẹ́rẹ́ tí a fi gún yín ṣèèṣì gún nọ́ọ̀sì wa. A fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, bóyá kòkòrò éèdì wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́, a ò ní fipá mú yín, a ó ṣì tọ́jú yín bó ṣe yẹ."

Ọkùnrin náà gbórí sókè díẹ̀. "Ṣé nọ́ọ̀sì tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ yẹn?"

Mo wo àyà mi. Àsìkò ọmú ọ̀sán ti kọjá, omi ọyàn ti rin yunifọ́ọ̀mù mi. Ọkùnrin tí ibà ń gbé jó ti rí ohun tí èmi fúnra mi ò rí.

"Ẹ gbà á," ó ní, ó sì na apá. "Ohun tí ẹ bá rí, ẹ sọ fún un."

Wọ́n rí i. Kòkòrò náà wà níbẹ̀, òun alára ò sì mọ̀ títí dọjọ́ yẹn. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó pe èmi. Bí mo bá ń gbàdúrà fún àwọn tó ṣe mí lóore láyé, ọkùnrin yẹn máa ń wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ burúkú bá a, ó tún fún mi láyè láti gbọ́ ọ.

Mátírọ́ọ̀nù gbé báàgì wọn, wọ́n gbé tèmi náà, ó di ọsibítù ìjọba ní Ìkẹjà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó oògùn tó ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò wọ̀lú ni, díẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Dókítà obìnrin kan tó rí wa ò jẹ́ kí n jókòó tán tó fi da hóró oògùn sí mi lọ́wọ́, ó ní bí a bá ṣe tètè lò ó tó ló ń ṣiṣẹ́ tó. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ẹni tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gún ni kì í kó o, pé màá lo oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìfo ọjọ́ kan, àti pé wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láti ìgbà dé ìgbà fún oṣù mélòó kan kó tó dá wọn lójú. Lẹ́yìn náà lòun náà wo àyà mi.

"Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi."

"Ẹ dá ọyàn dúró ná, títí a ó fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹ̀yin àti bàbá ọmọ náà, ẹ máa lo kọ́ńdọ́ọ̀mù."

Mo ti ń di ara mi mú bọ̀ látàárọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Èmi tí mo ń bá ìyá ọkọ mi jà nítorí ẹ̀kán omi kan! Ojú ọmọ yẹn ni mò ń rò, bó ṣe máa na ọwọ́ sí mi tí mo bá wọlé. Mátírọ́ọ̀nù fi aṣọ ìnujú wọn nù mí lójú, wọ́n lọ ra agolo mílíìkì ọmọdé, wọ́n sì kì í bọ inú báàgì mi. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí kòkòrò yẹn má ti wọ ara mi, kí n lè gbé ọmọ mi sáyà padà láìfòyà.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ọkọ mi nínú ilé. Tíṣà ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Agége, ni mo bá lọ dúró dè é lẹ́nu géètì wọn. Ẹni jẹ́ẹ́ ni ọkọ mi, ọ̀rọ̀ kì í yá a lẹ́nu. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, mo rò pé ó fẹ́ bi mí nípa ara rẹ̀ tàbí nípa ọmọ.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Rárá."

"Ọwọ́ wo ni?"

Mo na àtàǹpàkò òsì sí i. Ó gbá a mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé kọ̀rọ̀ ilé wa, ọkùnrin tí kì í fọwọ́ kàn mí ní títì torí kí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ má baà rí i. Ojú ọ̀nà la ti jọ pinnu pé a ò ní sọ fún Màmá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Yàtọ̀ síyẹn, ohunkóhun tó bá ká Màmá lára, ó di dandan kí wọ́n gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ aládùúrà wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo sọ fún Màmá pé wọ́n fún mi ní oògùn ibà tó le, tí kò gbọdọ̀ bá ọyàn dé ẹnu ọmọ. "Oògùn ibà wo nìyẹn?" ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọ́n po mílíìkì náà. Ọmọ kọ́kọ́ tu ọmú rọ́bà dànù, ó ń wá àyà mi. Nígbà tí ebi pa á dáadáa, ó mu ún. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ń da omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń fún ọyàn dànù lójoojúmọ́ kó má baà gbẹ, torí mo ṣì ní ìrètí.

Oògùn yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, èébì. Tí wọ́n bá gbé epo kaná ní yàrá kẹta, èébì. Mò ń tutọ́ kiri bí aláboyún, mi ò sì mọ̀ pé ẹnì kan jókòó tó ń wò mí.

"Ìyàwó mi," Màmá ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ojú rẹ funfun."

"Ibà ni, Màmá."

"Hẹn-ẹn."

Ní ilé tiwa, tí ìyá bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, wọ́n gbà pé ọyàn náà ti bàjẹ́ nìyẹn, kíá ni wọ́n á já ọmọ lẹ́nu rẹ̀ kó má baà ṣàìsàn. Nǹkan ìtìjú ni fún bàbá ọmọ jù, torí wọ́n á ní kò lè mú sùúrù. Màmá wá wò ó: mo já ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì, mò ń bì, mò ń tutọ́, ojú mi funfun. Ọ̀rọ̀ ti pé lọ́wọ́ wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe ọmọ wọn sí pálọ̀, èmi sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá.

"Ọmọ tí ò tíì rákò! Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, o ò lè ṣírò fún ara rẹ?"

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O tún ń bi mí! O ti fún ìyàwó rẹ lóyún lé ọmọ ọwọ́. Bàbá rẹ ò ṣe irú ẹ̀ sí mi rí láyé. Láti òní lọ, àga pálọ̀ yìí lo ó máa sùn lé. Èmi ni mo máa sùn ti ìyàwó mi."

Mo rọra ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀. Ọkọ mi wo ibi tí mo wà. Ó lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan péré ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ojú ń tì mí."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ṣùgbọ́n kékeré ni tọjọ́ ìgbéyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọjọ́ yẹn. Ó sì sùn lórí àga lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jáde lápá kejì. Ohun tí dókítà sọ pé kí a ṣọ́ra fún, Màmá ti bá wa fi òfin dè é. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lọ́sàn àti àgbálùmọ̀. Ọ̀rọ̀ omi náà sì parí. Màmá po ògì, wọ́n bu omi fún ọmọ nínú ife bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú bóyá màá fọhùn.

Nígbà tí mo padà lọ gba oògùn sí i ní Ìkẹjà, mo rí ọkùnrin oníbúrẹ́dì yẹn lórí bẹ́ǹṣì. Bó ṣe rí mi ló fa fìlà bojú. Mo lọ jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ikọ́ yẹn..."

"Ẹ dákẹ́ jàre. Ẹ̀yin lẹ mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni?" Bí mo ṣe máa ń jágbe níbi iṣẹ́ ni mo ṣe jágbe mọ́ ọn, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń mu ògì bí ẹni pé wọ́n rán an ni."

Ó mi orí. Ó ní òun ń fi ọmọ náà sínú àdúrà òun, bí òun ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mo sọ orúkọ ọmọ mi fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí ara rẹ̀ létí, ó wá sọ pé ìyàwó òun wà nínú yàrá ọ̀hún, pé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà wò. A jọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pè mí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí èébì ò jẹ́ kí n ráyè fún ọyàn, ọmú mi wú, ó le gbagidi, ara mi gbóná. Màmá rí bí mo ṣe ń rìn, wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n gbé omi gbígbóná àti aṣọ wá, bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì ṣí bùbá mi. Ọyàn ti ń kán. Wọ́n nawọ́, mo sì rí i pé ọ̀bẹ ti gé wọn níka níbi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu láàárọ̀, egbò náà ṣì pupa.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí!"

Mo ti ọwọ́ wọn dànù, abọ́ omi náà dojú dé. Èmi, sí ìyá ọkọ mi. Màmá fi ìró nu ọwọ́ wọn, wọ́n dìde.

"Ó dáa," wọ́n wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wọn ò bá mi sọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá wọn tí wọ́n ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Mò ń lọ sí ulé mi," wọ́n ní, wọn ò wo ojú mi. "Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn ìyàwó tó kàwé, ìríra ni wọ́n ń fi àgbàlagbà ṣe. Mo ní tèmi ò rí bẹ́ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo di báàgì náà mú. Ẹkún ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. "Màmá, kì í ṣe ìríra. Ẹ̀rù ló ń bà mí fún yín. Egbò wà lọ́wọ́ yín."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: abẹ́rẹ́, ọkùnrin oníbúrẹ́dì, oògùn tó ń mú mi bì. Nígbà tí mo dárúkọ éèdì, Màmá jókòó lórí aṣọ tí wọ́n ti ká tán. Láyé ìgbà yẹn, ẹlòmíì á gbé ọmọ, á sì fi ilé sílẹ̀. Ọmọ náà jókòó lórí ẹní láàárín wa, ó ń gé ṣíbí jẹ. Mo ń wo ọwọ́ Màmá bóyá wọ́n á nà án sí i.

"Ọmọ ti mu nínú rẹ̀?"

"Rárá o. Látọjọ́ náà ni mo ti já a."

"Ọkọ rẹ mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀, Màmá."

"Oyún ńkọ́?"

"Kò sí oyún."

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà pálọ̀, níbi tí ìrọ̀rí ọkọ mi ṣì wà lórí àga. "Kò sí oyún," wọ́n ní. "Ọmọ mi wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní ojú ń ti òun." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà di ẹkún, èmi náà sì bá wọn sun ún. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n bi mí pé ṣé ọyàn náà ṣì ń ro mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi aṣọ mímọ́ di ìka wọn, wọ́n wá béèrè pé kí làwa fi ń bo ọwọ́ lọ́sibítù. Mo mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà jáde nínú báàgì iṣẹ́ mi. Màmá wọ̀ ọ́, wọ́n na ìka wọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú, wọ́n yí wọn wò.

"Ṣé báyìí ti tó, nọ́ọ̀sì?"

"Ó ti tó, Màmá."

"Ó yá, bọ́ bùbá."

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá iyán funfun àti ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò níwájú àga rẹ̀. Màmá ò sọ ìdí. Wọ́n kàn ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin fún un bó ṣe ń jẹun. Ó wojú mi, ó sì mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé láti ọjọ́ náà ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé ọ̀rọ̀ oyún náà kárí. Tẹ́lẹ̀, àṣìṣe ni. Báyìí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ẹni tó bá bi wọ́n pé kí ló mú mi rù báyìí, oyún ni. Kí ló dé tí mo ń gbé oògùn mì láràárọ̀? Oyún tó le ni, ẹ jẹ́ kó sinmi. Àwọn aládùúrà wọn gba ààwẹ̀ fún mi kí n lè sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Nígbà tí oògùn parí, tí èébì dáwọ́ dúró, tí ikùn ò sì yọ, ìyàwó onílé wá béèrè. Màmá ní dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n fi irú ojú kan wò ó tí kò fi tún béèrè mọ́.

Ìyẹ̀wò àkọ́kọ́ lẹ́yìn oògùn dára. Èyí tó tẹ̀ lé e dára. Dókítà ní kí n ṣì ní sùúrù títí di ti ìkẹyìn, èmi náà ò sì fẹ́ fi ọmọ mi dán nǹkan kan wò. Ṣùgbọ́n ọyàn ò lè dúró dè mí. Bí mo ṣe ń fún un tó, ó ń dín kù. Lọ́jọ́ kan mo fún un nínú ilé ìwẹ̀, kò sí ẹ̀kán kan tó jáde. Mo pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Màmá wo ojú mi, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán.

Nígbà ìyẹ̀wò ìkẹyìn, ọmọ ti ń dìde dúró, ó ti ní eyín. Ọkọ mi fẹ́ tẹ̀ lé mi, àmọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ wà nínú ìdánwò, ni Màmá bá ní àwọn ló máa bá mi lọ. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Dókítà obìnrin yẹn tú ìwé náà wò, ó tún un wò, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan lára yín. Ó ti tán."

Mo jáde. Màmá ò lè ka ojú mi.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò sí, Màmá. Wọ́n ní ó ti tán."

Mo rò pé wọ́n á hó ìhó ayọ̀, mo ti múra láti dì wọ́n lẹ́nu mú. Wọn ò hó. Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀, wọ́n gbé e jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.

"Fún un lọ́mú."

"Màmá, ọyàn ti gbẹ."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó gbẹ ni? Gbé e sí i lẹ́nu."

Mo ṣí bùbá. Ọmọ wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó kì í bọnu. Ó fà á. Kò sí nǹkan kan. Ó tún fà á, ó gbé ojú sókè wò mí, kò sì fi í sílẹ̀. Màmá tú ìró òkè wọn, wọ́n fi bo èmi àti ọmọ, wọ́n wá dúró síwájú wa, wọ́n kọjú sí àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wá títí ọmọ fi tu ọyàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.